Ọ̀nà Pápákọ̀ Òfurufú: Ẹ Jẹ́ Kí A Sọ Ọ́ Di Àáró

Ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí kò jọ ọ̀ràn ńlá ní ojú ẹni tí kò tíì bá a pàdé. Kì í ṣe ọ̀ràn oyè, kì í ṣe ọ̀ràn ààlà ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀ràn ìbò. Ọ̀ràn bí àwa ará Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tí ó yí wa ká ti ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, àti bí a ti ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá sí ilé ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kí ni ó kan Ẹgbẹ́ nínú ọ̀ràn ọkọ̀ èrò. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sùúrù kà á dé ìparí.

Ní ọdún tí ó kọjá, ènìyàn mẹ́fà láti àdúgbò wa ni ó ń wọ bàálù lọ sí ìlú òyìnbó ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọkọ̀ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbé wọn. Olúkúlùkù ti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n, tàbí àna, tàbí ọ̀gá rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, kí wọ́n lè yá òun ní mọ́tò. Àwa tìkára wa wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni a ń sìn lọ. Àyè ìjókòó méjì sì ṣófo lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé itòsí Kára, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgbò, a rí mọ́tò kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ṣí iwájú rẹ̀ sílẹ̀, tí èéfín ń rú láti inú rẹ̀. A ṣàánú onímọ́tò, a sì kọjá lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni a tó gbọ́ pé ọmọbìnrin kan tí àwa tìkára wa kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni ó wà nínú mọ́tò náà. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn ni ó ń lọ kọ́. Ìyá rẹ̀ ti ta ìdajì ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí owó náà tó pé. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé e dé Ìkẹjà, wọ́n ti pa ibi tí a ti ń gba ẹrù dé. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bàálù kì í ṣe danfó tí a lè pariwo pé kí ó dúró de ẹnìkan. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣègbé, ìyá náà sì tún lọ yá owó ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ yìí kò mọ̀ pé a ń lọ. Àwa náà kò mọ̀ pé ó ń lọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni a jùmọ̀ ń gbọ́ láti inú ilé wa. Àyè tí ì bá gbé e dé ibi tí ó ń lọ kọjá níwájú rẹ̀ ní òfo, olùkọ́ rẹ̀ sì ni ó jókòó tì í. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ọkàn wa, tí kò jẹ́ kí a sinmi.

Àwọn àgbà wa wí pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà; bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni ó jẹ́ dúró? Kì í ṣe àìní mọ́tò ni ó ṣe ọmọ yìí. Mọ́tò mẹ́fà wà ní ojú ọ̀nà ní ọjọ́ náà. Àìrìnpọ̀ wa ni ó ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni èyí kì í ṣe àṣà tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ní ayé ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí a kò sì tú ibùdó rẹ̀ ká títí di 1893, kò sí ọlọ́gbọ́n oníṣòwò tí ó jẹ́ dá nìkan gba ojú ọ̀nà. Wọn a kó ara wọn jọ ní ẹnu bodè. Aláàárù a gbé ẹrù, àwọn tí ó ní ìbọn a wà níwájú àti lẹ́yìn, ọ̀wọ́ wọn a sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá pẹ́, ọ̀wọ́ mìíràn ni yóò dúró dè. Ẹ̀rù àwọn agbénipa àti àwọn tí ń jí ènìyàn tà ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n yìí. Ǹjẹ́ àwọn ajínigbé kò tún sí ní ojú ọ̀nà wa lónìí? Ẹ̀rù náà ti padà dé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò tíì padà.

Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò tún ṣòro bí ti àtijọ́. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ní 1978 ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó wá sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 127 kìlómítà. Ní 1979 ni a ṣí ilé ńlá ti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed pè. Ní 2021 ni ọkọ̀ ojú irin titun bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mọ́níyà gba Agége lọ sí Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta. Ẹ wò ó bí ọ̀nà ti ń pọ̀ sí i, tí ọgbọ́n ìrìn wa sì ń dín kù!

Àwọn ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀wẹ̀ àti àáró mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Ọ̀wẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tí ẹnìkan bẹ̀: ó ní iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́, bóyá ilé ni ó fẹ́ kọ́, tàbí oko àna rẹ̀ ni ó fẹ́ ro, ó pe àwọn ènìyàn, ó sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n ní àlejò. Kò di dandan kí ó san án padà fún olúkúlùkù. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan náà ni ó ń ṣe àáró: lónìí wọn a lọ sí oko tèmi, ní ọ̀la wọn a lọ sí oko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Kò sí ẹni tí ó tọrọ, kò sí ẹni tí ó ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ìṣirò rẹ̀ péye.

Bí a ti ń lọ sí Ìkẹjà nísinsìnyí, ọ̀wẹ̀ ni a ń ṣe, ọ̀wẹ̀ burúkú sì ni. Arìnrìn-àjò a bẹ onímọ́tò. Onímọ́tò kò lè kọ̀, nítorí kí a má baà wí pé ó ń jowú. Arìnrìn-àjò a ra epo, a bọ́ awakọ̀, a bọ́ ènìyàn mẹ́rin tí ó sìn ín, a tún fi owó sí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń padà. Ní ìgbà tí ó bá fi máa wọ bàálù, owó tí ì bá fi bẹ̀rẹ̀ ayé ní ìlú àjèjì ti dín kù púpọ̀, oore tí a ṣe fún un sì ti di gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀, tí a ó máa rán an létí rẹ̀ títí láé. Ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a sọ ọ̀wẹ̀ yìí di àáró.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé a kò mọ̀ bí a ti í da owó pọ̀. Àwa ni a ni èsúsú. Olóògbé Àlùfáà Samuel Johnson, tí òun náà ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, kò gbàgbé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé àṣà náà dání lọ. Ní Trinidad títí di òní olónìí, susu ni wọ́n ń pè é. Ṣé àṣà tí ó la òkun já ni yóò ṣòro fún wa láti lò láti Ìbàdàn dé Ìkẹjà?

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti rò pé ó lè rí, kí ó má baà di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Èkíní, kí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan akọ̀wé ìrìn-àjò kan, àgbà ọkùnrin tàbí obìnrin tí kò lẹ́nu méjì. Kí ó ní ìwé kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn yóò sọ ọjọ́ rẹ̀, wákàtí tí bàálù yóò gbéra, iye ẹrù rẹ̀, àti ilé tí bàálù rẹ̀ ń lò ní pápákọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ní 2007 ni a ṣí ilé kan fún àwọn tí ń rìn láàrin Nàìjíríà, ní 2022 ni a sì ṣí òmíràn fún àwọn tí ń lọ sí òkè òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó ti wà láti 1979. Ẹni tí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó ń ru àpótí kiri nínú oòrùn, yóò mọ̀ pé Ìkẹjà kì í ṣe ilé kan ṣoṣo.

Èkejì ni ẹrù. Púpọ̀ nínú tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun ni ó gba àpótí méjì fún ẹnìkan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 23 kìlò lọ. Ẹni mẹ́jọ yóò ní àpótí mẹ́rìndínlógún, ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ a sì jẹ́ 368 kìlò, láì ka àpò ọwọ́. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀sì bá ní àyè fún ènìyàn mẹ́rìnlá, kí a má ṣe tan ara wa jẹ pé mẹ́rìnlá ni yóò gbé. Ẹni mẹ́jọ àti olórí ìrìn kan tó; kí a fi àyè tí ó kù fún ẹrù. Kí olúkúlùkù sì wọn ẹrù rẹ̀ ní ilé kí ó tó jáde. Ó ti sú wa láti máa rí àwọn ìyá tí ń tú àpótí ní gbangba, tí wọ́n ń kó èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ sílẹ̀ pẹ̀lú omijé.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí bàálù yóò bá gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó yẹ kí a ti dé ibẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, èyíinì ni aago mẹ́jọ. Bí ó bá sì ku nǹkan bí wákàtí kan, wọn kì í sábà gba ẹrù mọ́. Bí ọ̀nà bá dára, wákàtí méjì lè gbé ni láti Ìbàdàn dé Berger. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dé láti Mówe títí dé Kára, ó lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kí bọ́ọ̀sì gbéra ní aago méjìlá ọ̀sán, kí gbogbo wọn lè dé Ìkẹjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wákàtí bàálù wọn kò bá dọ́gba, ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbéra ni a ó tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá tètè dé yóò jókòó, yóò jẹun, yóò gbàdúrà. Ẹni tí ó bá pẹ́ kò ní ibi tí yóò jókòó sí nínú bàálù tí ó ti lọ. Kí akọ̀wé sì mọ ọjọ́ tí ọ̀nà máa ń kún: ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ń lọ sí ìpàdé àdúrà ní Ìlú Ìràpadà, àti àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú Iléyá, nígbà tí gbogbo ayé ń ra àgbò ní Kára.

Ẹ̀kẹrin ni awakọ̀. Kí a má ṣe gba ẹni tí ó wa ọkọ̀ mọ́jú. Kí a wo táyà, kí a wo bíréèkì, kí a sì wo láísẹ́ǹsì rẹ̀. Láti 1988 ni a ti dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, òfin sì ni pé bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ sáré ju 90 kìlómítà ní wákàtí kan lọ ní ọ̀nà márosẹ̀. Iṣẹ́ olórí ìrìn ni láti rán awakọ̀ létí, kì í ṣe láti máa kùn pé ó ń fà. Ẹni tí ó bá gbéra ní ọ̀sán kò ní ìdí kankan láti sáré.

Ẹ̀karùn-ún ni owó àti ìpadàbọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Bọ́ọ̀sì tí ó gbé ènìyàn lọ kò yẹ kí ó padà ní òfo. Ọkọ̀ tí ó bá gbé àgbàdo dé ọjà, ọlọ́jà a wá ohun tí yóò gbé padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí akọ̀wé wo inú ìwé rẹ̀ bóyá àwọn kan ń ti òkè òkun bọ̀ ní alẹ́ náà tàbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é: bí a bá háyà bọ́ọ̀sì ní N200,000 ní àlọ àti àbọ̀, tí ẹni mẹ́jọ lọ, N25,000 ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹni mẹ́jọ mìíràn bá wọ̀ ọ́ bọ̀, ó di N12,500. Kí olúkúlùkù san owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá sùn sí ìlú náà di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí ó sùn ní ilé ìtura tàbí ní ilé ará, kí ó má ṣe wọ ọ̀nà ní òru.

Ní ti àwọn tí ń bọ̀, kí wọ́n má ṣe pe olórí ìrìn nígbà tí bàálù bá kan ilẹ̀, bí kò ṣe nígbà tí wọ́n bá ti gba ẹrù wọn tán, nítorí àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà àti dídúró de àpótí lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ bàbá arúgbó kan tí ó ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti London. Láti aago márùn-ún òwúrọ̀ ni ó ti dúró títí di ọ̀sán gangan, nítorí mọ́tò tí ó ń bọ̀ wá gbé e kò dé. Àwọn ọmọ ìta ń fa àpótí rẹ̀ sí ọ̀tún, wọ́n ń fà á sí òsì. Bàbá tí ó yẹ kí a fi ìlù àti ayọ̀ pàdé!

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dáhùn ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ. Èyí tí ó wúwo jù ni èyí: “A kò fẹ́ kí ayé mọ̀ pé a ń lọ.” Àwa ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí a ti ń ṣiṣẹ́ àlùfáà, a kò sì fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí a mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ènìyàn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n a bi yín: ta ni ó ṣe ọmọbìnrin wa ní ibi ní ọjọ́ náà? Kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ tí kò mọ̀ ni. Ìpamọ́ tí a fi ń sá fún ọ̀tá kan ni ó pa wá mọ́ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mẹ́wàá. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lu agogo ká ìlú. Àgbà kan ṣoṣo ni kí ó sọ fún, ọjọ́ àti wákàtí nìkan sì ni kí ó sọ. Ẹni tí a kò bá lè fi wákàtí ìrìn wa lé lọ́wọ́ nínú gbogbo ìlú, nígbà náà kì í ṣe ọ̀ràn ọkọ̀ ni ó dé bá wa mọ́.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ó yẹ kí a sin ọmọ wa dé ibi tí yóò ti wọ bàálù. Ìfẹ́ ni, a kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹnu bodè ni àwọn baba wa ti ń padà lẹ́yìn arìnrìn-àjò, wọn kì í bá a dé òkè ọjà. Kí a gbàdúrà ní ilé, kí a súre, kí a sunkún bí ó bá yẹ, kí a sì jẹ́ kí bọ́ọ̀sì lọ. Ọmọdé tí kò lè dá rìn àti arúgbó tí ara rẹ̀ kò le nìkan ni kí a fi olùsìn sí lẹ́yìn, kí olùsìn náà sì san owó àyè rẹ̀.

Àwọn ẹni ńlá tí ó ní mọ́tò yóò sì wí pé àwọn kò lè bá gbogbo ènìyàn jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Àwa kò fi ipá mú wọn. A kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ fún akọ̀wé bí àyè bá ṣófo nínú mọ́tò wọn. Bí àwa bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà ni, ìyá kan kì bá tí jẹ gbèsè.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà ti dé ibi tí ó ń lọ, ó sì ń ṣe dáradára nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì ń san owó náà díẹ̀díẹ̀ ní ọjọọjọ́ ọjà. A máa ń pàdé rẹ̀ ní ojú ọ̀nà, òun a kí wa tayọ̀tayọ̀, a kúnlẹ̀, a ní, “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, bàbá.” Kò mọ̀ pé àyè méjì ṣófo lẹ́yìn wa. Bí bulẹ́tìnì yìí bá dé ọwọ́ rẹ̀, yóò mọ̀ nísinsìnyí.

Nítorí náà a rọ àwọn ẹ̀ka Ẹgbẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí wọ́n sì yan akọ̀wé kí wọ́n tó túká. Kò gba owó púpọ̀. Ìwé kan, kálàmù kan, tẹlifóònù kan àti olóòótọ́ kan ni ó gbà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, a ti ra ìwé náà, orúkọ tiwa ni ó sì wà ní ìlà kìíní, pẹ̀lú iye àyè tí ó ṣófo nínú mọ́tò wa. Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a tún kọjá ọmọ ara wa ní ojú ọ̀nà mọ́.